Ẹjọ́ Bíréèkì ní Les Combes: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan láti Ilé-Ifẹ̀

Ẹjọ́ tí mo kọ sílẹ̀ yìí wáyé nínú ìdíje eré ìje ọkọ̀ orí kọ̀ǹpútà kan tí àwọn awakọ̀ láti ilẹ̀ Yúróòpù àti ilẹ̀ Áfíríkà jọ ń kópa nínú rẹ̀, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì ń bá wọn díje láti inú yàrá kan ní àdúgbò Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ níwájú ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹni náà fi já kúrò lójú ọ̀nà, tó sì pàdánù ipò rẹ̀. Ìgbìmọ̀ adájọ́ ìdíje náà jẹ ẹ́ níyà. Ìdí tí mo fi rò pé ọ̀rọ̀ náà yẹ ní kíkọ sílẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ni pé, lójú tèmi, ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ tọ́ sí i, ṣùgbọ́n àlàyé tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún ìyà náà kò tọ̀nà rárá, àlàyé tí kò tọ̀nà yẹn ni yóò sì kan gbogbo ẹni tó bá tún ń wakọ̀ láti apá ibí lọ́jọ́ mìíràn. Èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn kọ ìwé kòtẹ́milọ́rùn, nítorí náà gbogbo fáìlì ẹjọ́ náà ló gba ọwọ́ mi kọjá. N kò ní dárúkọ awakọ̀ wa, n kò ní dárúkọ alátakò rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ àwọn tó ṣètò ìdíje náà.

Ètò ìdárayá tí wọ́n ń lò ni Assetto Corsa Competizione, tí ilé-iṣẹ́ Kunos Simulazioni ti orílẹ̀-èdè Ítálì gbé jáde ní kíkún ní ọdún 2019. Ọkọ̀ GT3 ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyẹn àwọn Ferrari, BMW, Porsche, Mercedes àti irú wọn tí wọ́n tún ṣe fún eré ìje. Ojú ọ̀nà ìje tó wà láyé lóòótọ́ ni wọ́n fi ẹ̀rọ léésà wọ̀n, kí gbogbo gbágungbàgun tó wà lára rẹ̀ lè hàn lábẹ́ táyà. Láti ọdún 2020 ni Kyalami ti orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà ti wà lára wọn, òun nìkan ṣoṣo sì ni ti ilẹ̀ Áfíríkà nínú gbogbo wọn. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ iye epo tí yóò gbé e dé òpin, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ibi gan-an tó yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan bíréèkì ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan. Kókó tó kẹ́yìn yìí ni ẹjọ́ wa dá lé lórí.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni awakọ̀ wa ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Yàrá tó ti ń wakọ̀ jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tó fi iwájú ilé rẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù. Sítíárìn àlòkù, Logitech G29, ni wọ́n ń lò pẹ̀lú pẹ́dáàlì rẹ̀. Ìjókòó rẹ̀ sì jẹ́ ìjókòó Micra kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, tí ajórinmọ́rin kan ní ọ̀nà Ẹdẹ bá wọn jó mọ́ férémù irin. Wọ́n kì í gbẹ́kẹ̀ lé iná ọba lọ́jọ́ tí eré bá wà: bátìrì ínfátà ni kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n àti rútà máa ń wà lórí rẹ̀ láti ọ̀sán. Mo mẹ́nu ba iná nítorí pé ohun àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn máa ń sọ tí wọ́n bá gbọ́ ìtàn yìí ni pé iná ló lọ. Iná kò lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ohun tó ṣe iná.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì ló gba àlàyé. Rútà 4G ni wọ́n ń lò, nítorí pé okùn fáíbà kò tíì dé àdúgbò náà. Sáfà tí ìdíje náà ń lò, ìyẹn kọ̀ǹpútà àárín tí ìròyìn gbogbo awakọ̀ ń gbà kọjá, wà ní ìlú Frankfurt ní orílẹ̀-èdè Jámánì. Gbogbo ìròyìn nípa ọkọ̀ awakọ̀ wa, ibi tó wà, bó ṣe ń sáré tó, ibi tó kọjú sí, ni yóò gba afẹ́fẹ́ dé òpó 4G, yóò gba orí ilẹ̀ dé Èkó, yóò wá bọ́ sínú okùn abẹ́ òkun, irú bíi MainOne tó ti so Èkó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Potogí láti ọdún 2010, tàbí WACS tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2012. Nǹkan bí 200,000 kìlómítà ni ìmọ́lẹ̀ ń rìn nínú okùn dígí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí a bá ka ọ̀nà náà sí 7,000 kìlómítà ní àlọ nìkan, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ yóò gba ìdá 70 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kí a tó ka òpó, rútà àti gbogbo oríta tó wà lójú ọ̀nà mọ́ ọn. Iye àlọ àti àbọ̀ yìí ni àwọn awakọ̀ ń pè ní píǹgì. Ti awakọ̀ wa máa ń wà láàárín 130 sí 140. Ti àwọn tó wà ní Yúróòpù kì í sábà kọjá 30. Kò sí owó tí a lè san ní Ilé-Ifẹ̀ tí yóò mú 70 yẹn kúrò, nítorí ìmọ́lẹ̀ kì í gba rìbá. Ìwé òfin ìdíje náà mọ èyí: ó fún awakọ̀ tí píǹgì rẹ̀ kò bá ju 200 lọ láàyè láti kópa.

Ìdíje náà jẹ́ eré mẹ́fà, karùn-ún ni ti Spa-Francorchamps ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù. Ìyípo kan níbẹ̀ gùn ní 7.004 kìlómítà, ọkọ̀ GT3 sì máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 18 yí i po. Wákàtí kan ni eré náà, ó bẹ̀rẹ̀ ní agogo méje ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó sì di dandan kí olúkúlùkù wọ ibi ìdúró lẹ́ẹ̀kan. Awakọ̀ wa wà ní ipò kẹrin nínú àpapọ̀ àmì ìdíje kí eré náà tó bẹ̀rẹ̀. Alátakò rẹ̀, ará orílẹ̀-èdè Netherlands, wà ní ipò kẹta, àmì díẹ̀ ló sì fi jù ú lọ. Ní ìyípo ogún, ní kọ́nà Bus Stop tó ṣáájú ìlà ìparí, awakọ̀ wa fi Ferrari 488 rẹ̀ yọ sí ẹ̀gbẹ́ BMW M4 alátakò rẹ̀, ó dúró pẹ́ kí ó tó tẹ bíréèkì, ó sì gba ipò kẹta lọ́wọ́ rẹ̀ láìfara kàn án. Eré tó dára gan-an ni. Gbogbo yàrá hó yèè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ariwo yẹn sọ́kàn.

Ní ìyípo kejìlélógún ni ọ̀rọ̀ dé. Láti ẹnu kọ́nà La Source, awakọ̀ yóò sọ̀kalẹ̀ lọ sí Eau Rouge, yóò gun òkè Raidillon, yóò sì já sí ọ̀nà gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní Kemmel. Ó lé ní ìṣẹ́jú-àáyá 20 tí ẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lórí pẹ́dáàlì tó ń mú ọkọ̀ sáré. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn níbẹ̀ máa ń jàǹfààní afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ iwájú ti là, yóò sì máa sún mọ́ ọn. Ní òpin Kemmel, nígbà tí eré ọkọ̀ ti tó nǹkan bí 250 kìlómítà ní wákàtí, ni kọ́nà Les Combes ti yà sí ọ̀tún lójijì, tí gbogbo èèyàn sì gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì gidigidi. Alátakò wa ti sún mọ́ ìdí ọkọ̀ wa débi pé àlàfo tó wà láàárín wọn kò tó mítà méjì. Awakọ̀ wa tẹ bíréèkì. BMW tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yí po, ó já sínú pápá, ó sì padà sójú ọ̀nà ní ipò kẹsàn-án. Awakọ̀ wa parí eré ní ipò kẹta.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìwé ẹ̀sùn ti dé, àwòtúnwò eré láti orí kọ̀ǹpútà alátakò sì tẹ̀ lé e. Mo wò ó. Nínú rẹ̀, ọkọ̀ wa ń sáré lọ ní tirẹ̀, ó kọjá ibi tí gbogbo èèyàn ti ń tẹ bíréèkì, ó sì dà bí ẹni pé kò ní tẹ̀ ẹ́ rárá; lẹ́yìn náà, lójijì, ó fà sẹ́yìn, ìdí rẹ̀ sì gbá imú BMW náà. Ẹni tó bá wo àwòtúnwò yìí nìkan yóò búra pé ìwà ìkà ni. Mo wá wo ti àwa náà, tí a fi pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n. Nínú ti wa, Ferrari tẹ bíréèkì níbi tó ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ eré, BMW náà tẹ tirẹ̀, àlàfo tó ju mítà kan lọ wà láàárín wọn, kò sí ohun tó fara kan ohunkóhun, BMW sì ṣàdédé yí po fúnra rẹ̀. Àgbà òṣìkà ni ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, ṣùgbọ́n nínú irú eré yìí, ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹni méjèèjì pàápàá lè má rí òtítọ́, nítorí pé kò sí èyí tó purọ́ nínú àwòtúnwò méjèèjì.

Ìgbìmọ̀ adájọ́ jẹ́ ẹni mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé awakọ̀ wa mọ̀ọ́mọ̀ tẹ bíréèkì láti dí ẹni ẹ̀yìn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn kò mú ẹ̀sùn náà kúrò nínú àkọsílẹ̀. Wọ́n ní píǹgì rẹ̀ ga ju ti gbogbo àwọn tó kù lọ, pé ẹni tó ń wakọ̀ pẹ̀lú irú píǹgì bẹ́ẹ̀ ń fi àwọn ẹlòmíràn sínú ewu, àti pé nítorí náà òun ló jẹ̀bi. Ìṣẹ́jú-àáyá 15 ni wọ́n fi kún àkókò rẹ̀, èyí tó gbé e láti ipò kẹta lọ sí ipò keje. Wọ́n sì fi àmì ìkìlọ̀ mẹ́ta sí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ nínú ìdíje náà. Ẹni tó bá ní márùn-ún kò ní lè kópa nínú eré tó bá tẹ̀ lé e.

Ìbínú tó sọ nínú yàrá lọ́jọ́ náà kò kéré, òye rẹ̀ sì yé mi, nítorí pé àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn kọ 200 sínú ìwé òfin ni wọ́n ń fi 138 dá èèyàn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í kọ ìwé kòtẹ́milọ́rùn. Ohun tí mo ní láti kọ́kọ́ mọ̀ ni ìdí tí kọ̀ǹpútà méjì fi rí ohun méjì.

Kọ̀ǹpútà awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣírò ìrìn ọkọ̀ tirẹ̀. Ti àwọn ọkọ̀ yòókù, ìròyìn tó ń gba ọ̀dọ̀ sáfà wọlé ló ń fi yà wọ́n sójú tẹlifíṣọ̀n. Níwọ̀n bí ìròyìn náà ti máa ń pẹ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà, kọ̀ǹpútà ní láti máa méfò: ó mọ ibi tí ọkọ̀ náà wà nígbà tí ìròyìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó mọ bó ṣe ń sáré tó, á wá gbé e sí ibi tó rò pé yóò ti dé báyìí. Tí ìròyìn tuntun bá dé, ó tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe. Tí ọkọ̀ bá ń lọ gbọọrọ láìyí eré padà, èfò yìí kì í ṣìnà. Ìgbà tí ọkọ̀ bá yí ìwà padà lójijì, bí ìgbà tó bá tẹ bíréèkì, ni ó máa ń ṣìnà, nítorí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn yóò ṣì máa gbé e lọ síwájú pẹ̀lú eré àtijọ́ títí ìròyìn bíréèkì yóò fi dé.

Mo wá ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ GT3 tó bá tẹ bíréèkì gidigidi lè máa dín eré rẹ̀ kù ní nǹkan bí 60 kìlómítà ní wákàtí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Pẹ̀lú píǹgì 138 tó dúró sójú kan, ìròyìn awakọ̀ wa yóò dé ọ̀dọ̀ ará Netherlands náà láàárín ìdá 80 sí 90 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Àṣìṣe tí èfò kọ̀ǹpútà lè ṣe láàárín àkókò kékeré yẹn kò ju sẹ̀ǹtímítà méje lọ. Sẹ̀ǹtímítà méje kò lè gbá ẹnikẹ́ni sínú pápá. Ṣùgbọ́n tí ìròyìn bíréèkì bá pẹ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, àṣìṣe náà kò ní dúró sórí sẹ̀ǹtímítà mọ́, yóò di mítà méjì, nítorí pé bí àkókò bá di ìlọ́po méjì, àṣìṣe yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Àlàfo tó wà láàárín ọkọ̀ méjèèjì kò tó mítà méjì. Ibí yìí ni mo ti rí i pé àwọn adájọ́ mú ohun tí kò jẹ̀bi. Jíjìnnà Ifẹ̀ sí Frankfurt kọ́ ló fa ìkọlù náà. Nǹkan kan ló dá ìròyìn wa dúró ní ìṣẹ́jú-àáyá yẹn gan-an, ó sì dá ti àlọ nìkan dúró, nítorí pé ti àbọ̀ ń wọlé geere: àwa rí BMW bó ṣe rí.

Ẹ̀gbọ́n ní àṣà kan tó gbà wá. Tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ó máa ń ṣí ojú ewé dúdú kékeré kan lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, tí yóò máa kan sáfà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì máa kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. A ṣí fáìlì náà. Láti agogo méje títí di ìṣẹ́jú mọ́kàndínláàádọ́ta, 136, 138, 139, ló kún ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di 410, ó di 760, ó kọjá 900, ìdáhùn méjì kò tilẹ̀ dé rárá. Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30, ó sì padà sí 138. Àárín rẹ̀ ni ọkọ̀ méjèèjì dé Les Combes.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú mọ́kàndínláàádọ́ta? A bi ara wa. Ọ̀rẹ́ awakọ̀ wa kan, tó máa ń jókòó lẹ́yìn rẹ̀, dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá fa fóònù rẹ̀ yọ. Ó ti fi kámẹ́rà fóònù ká bí awakọ̀ wa ṣe gba ipò kẹta ní Bus Stop. Kí ìdùnnú tó tutù, ó ti fi fídíò náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí àwọn ọmọ kíláàsì wọn, Wi-Fi rútà kan náà ni fóònù rẹ̀ sì so mọ́. Aago tó wà lábẹ́ fídíò náà bá ti fáìlì Ẹ̀gbọ́n mu.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ máà bínú,” ló wí. “Mo kàn fẹ́ kí wọ́n bá wa yọ̀ ni.”

Fídíò náà tó MB 16. Ìròyìn tí rútà wa lè gbé jáde kò ju nǹkan bí ìdajì MB kan lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá àti díẹ̀ ni fídíò náà fi gba gbogbo ẹnu ọ̀nà. Ìròyìn ọkọ̀ kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n rútà kò mọ èyí tó jẹ́ kánjúkánjú. Ó kàn ń to gbogbo rẹ̀ sórí ìlà bí wọ́n ṣe dé ni, bíi kí ọ̀kadà kan wá bá tírélà mẹ́wàá níwájú ẹnu géètì kan ṣoṣo. Ohun tó ń wọlé kò bá wọn tò, ìdí nìyẹn tí tẹlifíṣọ̀n tiwa fi mọ́ kedere. Nítorí náà, fídíò tí wọ́n fi ń yọ̀ pé a ti gba ipò lọ́wọ́ alátakò ló ti alátakò náà sínú pápá ní ìyípo méjì lẹ́yìn náà.

Àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e ló le jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Awakọ̀ wa kò fẹ́ kí a fi fáìlì píǹgì náà kún ìwé kòtẹ́milọ́rùn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọn ò mọ̀ pé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé 138 kò ju 200 lọ, ká sì dúró lórí òfin wọn.” Lóòótọ́, ó ṣeé ṣe kí èyí nìkan tó láti borí. Ẹ̀gbọ́n kò gbà. “Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé o fẹ́ ṣe ẹlẹ́gbẹ́ rẹ léṣe,” ló fi dá a lóhùn. “Ohun kan ṣoṣo tó lè wẹ̀ ọ́ mọ́ nínú ìyẹn lo fẹ́ fi pamọ́ nítorí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún?” Ọmọ náà ní orúkọ kò ní àmì nínú ìdíje. Ẹ̀gbọ́n ní òun mọ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Èmi fara mọ́ Ẹ̀gbọ́n, kì í sì í ṣe nítorí ìwà rere nìkan. Fáìlì náà gbè wá lẹ́yìn, ó sì tún lòdì sí wa, a kò sì lè ya apá kan rẹ̀ lò. Ó fi hàn pé awakọ̀ wa kò ṣe ìkà, ó sì fi hàn pé inú yàrá wa ni ohun tó fa ìkọlù ti wá. Ìwé òfin ìdíje náà ní gbólóhùn kan tí àwọn adájọ́ kò tọ́ka sí: pé olúkúlùkù ló ni ẹrù íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Tí wọ́n bá fi gbólóhùn yìí dá a lẹ́bi, kò sí ohun tí a lè sọ. Bó bá jẹ́ pé píǹgì 138 ni wọ́n ń fi dá a lẹ́bi, a jẹ́ pé kò sí ará Nàìjíríà, ará Gánà tàbí ará Kẹ́ńyà tó lè kópa láìjẹ̀bi kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ sílẹ̀, ó sì ṣe pàtàkì sí mi ju ipò kẹta lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, awakọ̀ wa fọwọ́ sí ìwé náà.

Ẹ̀rí mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni fáìlì píǹgì Ẹ̀gbọ́n, láìyọ ohunkóhun kúrò. Èkejì ni aago fídíò WhatsApp, pẹ̀lú àlàyé ẹni tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀kẹta ló lágbára jù: ètò Assetto Corsa Competizione máa ń lè tọ́jú ìṣesí ọkọ̀ sínú fáìlì tí ètò MoTeC lè kà, irú èyí tí àwọn ẹgbẹ́ eré ìje gidi ń lò, a sì ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje. Mo to ìlà bíréèkì Les Combes ti ìyípo kejìlélógún lé ti àwọn ìyípo tó ṣáájú rẹ̀ lórí. Ibi tó ti tẹ bíréèkì kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ ju mítà díẹ̀ lọ, agbára tó fi tẹ̀ ẹ́ kò sì yàtọ̀. Ẹni tó fẹ́ fi bíréèkì dẹkùn fún ẹlòmíràn kì í tẹ̀ ẹ́ níbi tó ti ń tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀.

Mo tún fi ìpínrọ̀ kan kún un nípa Le Mans Virtual ti oṣù Kìíní ọdún 2023, eré wákàtí mẹ́rìnlélógún níbi tí Max Verstappen, tó jẹ́ akọni Formula 1 nígbà náà, ti ń ṣíwájú kí ìsopọ̀ rẹ̀ mọ́ sáfà tó já, tó sì fi ìbínú jáde kúrò nínú eré. Ìlànà tí mo fi èyí gbè lẹ́yìn ni pé jíjìnnà sí sáfà kọ́ ni àrùn; àìdúróṣinṣin ìsopọ̀ ni, ó sì lè mú ẹnikẹ́ni níbikíbi. Ẹnì kan nínú àwọn adájọ́ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìpínrọ̀ yẹn kò ṣe pàtàkì sí òun, pé ìlà bíréèkì ló yí òun lọ́kàn padà. Bóyá òótọ́ ni.

Ìdájọ́ kejì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n mú ẹ̀sùn bíréèkì kúrò nínú àkọsílẹ̀ pátápátá, wọ́n sì pa àmì ìkìlọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́. Wọ́n yí gbólóhùn nípa píǹgì padà: wọ́n ní píǹgì awakọ̀ náà wà láàárín òfin, kò sì yẹ kí àwọn ti fi ṣe ìdí. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ìṣẹ́jú-àáyá 15 sílẹ̀ bó ṣe wà, lórí gbólóhùn tó ní olúkúlùkù ló ni ẹrù íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, nítorí pé ẹni tó já sínú pápá kò mọ ohunkóhun nípa fídíò ẹnikẹ́ni, kò sì rí ipò rẹ̀ gbà padà. Ẹni méjì ló fọwọ́ sí èyí. Ẹnì kẹta ní òun ìbá dín in kù sí márùn-ún. Èmi kò rí ohun tí mo lè fi bá wọn jiyàn.

Wọ́n tún òfin ṣe kí eré tó kẹ́yìn tó dé. Píǹgì 200 ṣì wà, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìdúróṣinṣin kún un: awakọ̀ tí píǹgì rẹ̀ bá fò sókè lọ́nà àìdára nígbà eré, olùdarí eré lè pàṣẹ fún un láti fàyè gba àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ títí tí yóò fi rọlẹ̀. Ìyẹn dára. Èyí tí kò dùn mọ́ mi ni pé wọ́n ní kí àwọn tí píǹgì wọn bá ju 100 lọ máa fi fáìlì píǹgì ránṣẹ́ lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó kù. Ará Yúróòpù tó ń lo Wi-Fi láti yàrá kejì, tí ẹbí rẹ̀ ń wo fíìmù lórí ìsopọ̀ kan náà, lè ní píǹgì 20 kí tirẹ̀ sì máa fò bíi tiwa ọjọ́ yẹn. Mo kọ èyí ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n dáhùn pé àwọn yóò gbé e yẹ̀ wò ní sáà tó ń bọ̀.

Alátakò náà fi ìwé kúkúrú ránṣẹ́ sí awakọ̀ wa lẹ́yìn tí wọ́n fi ìlà bíréèkì hàn án. Ó ní òun gbà pé kì í ṣe àmọ̀ọ́mọ̀ṣe, òun kò sì ní fa ọ̀rọ̀ náà mọ́, ó wá béèrè ìwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà tí Ferrari ń lò ní Spa. Awakọ̀ wa kò sọ fún un.

Nínú yàrá Mayfair, wáyà ló so kọ̀ǹpútà mọ́ rútà báyìí. Ẹ̀gbọ́n ti ṣètò rútà náà kí ìròyìn kọ̀ǹpútà yẹn máa ṣíwájú gbogbo ohun mìíràn, kò sì sí fóònù kankan tó mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé Wi-Fi rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ eré. Ọ̀rẹ́ tó fi fídíò ránṣẹ́ ṣì ń ká eré sílẹ̀; ìgbà tó bá délé ló ń fi ránṣẹ́. Eré kẹfà wáyé ní Monza, 5.793 kìlómítà, níbi tí kọ́nà àkọ́kọ́ ti burú ju Les Combes lọ fún ẹni tó bá ní ìsopọ̀ tí kò dúró. Awakọ̀ wa parí ní ipò kẹrin, ó sì parí ìdíje ní ipò karùn-ún nínú àpapọ̀ àmì, ipò kan lẹ́yìn alátakò náà. Fáìlì píǹgì tó fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà kò ní ohun kankan nínú ju 137, 138, 140 láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìdáhùn kan ṣoṣo tí wọ́n sì fún un ni pé àwọn ti rí i gbà.